Másítà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ọ́gáníìkì: ṣé kí n sọdá ni àbí kí n dúró sílé?

Àlàbí_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ irúgbìn ni mo fi gboyè àkọ́kọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, mò ń bá ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, ó sì ti lé lọ́dún méjì. Ó wù mí kí n ka másítà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ọ́gáníìkì, èyí tí kì í lo fàtiláísà àti oògùn kẹ́míkà, kì í ṣe ti oko nìkan, títí kan ọjà àti bí oúnjẹ ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Yunifásítì Hohenheim ní Stuttgart wà lọ́kàn mi, ti Kassel wà níbẹ̀, Jámánì ni méjèèjì, FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti Yunifásítì Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀.

Bàbá mi ní kí ni òyìnbó fẹ́ kọ́ mi nípa ìgbẹ́ adìyẹ tí òun ò tíì mọ̀. Mi ò rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé ó tó owó àti làálàá rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí.

Aláwàdà_Òṣogbo
Bàbá ti parí ẹjọ́. Kí olóòtú ti ìjíròrò yìí pa.

Dúró_ní_Stuttgart
Má dá a lóhùn, àbúrò. Hohenheim ni mo wà, mo wà ní ọdún kìíní.

EUR-Organic la máa ń pe ẹ̀kọ́ yẹn láàárín ara wa. Ọdún méjì ni, English ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Èèyàn kì í ṣe é tán nílé-ìwé kan ṣoṣo. O máa lo ọdún kan níbì kan, ọdún kejì níbòmíì nínú àwọn tó jọ ń ṣe é: Hohenheim, BOKU ní Vienna, Aarhus ní Denmark, ISARA ní Lyon, SGGW ní Warsaw. Ìwé ẹ̀rí méjì lo máa gbà jáde. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ìyẹn náà ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa wá ilé, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa tò síwájú ọ́fíìsì àwọn àjèjì pẹ̀lú fáìlì lábíyá.

Ọ̀rọ̀ owó: ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba 1,500 yúrò ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù, láti 2017 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Owó físà yàtọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2024, 11,904 yúrò ni wàá tì mọ́ báńkì kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn, 992 yúrò ni wọ́n á sì máa jẹ́ kó o fà jáde lóṣù. Ẹni tó bá ń kàwé lè ṣiṣẹ́ 140 ọjọ́ gbáko lọ́dún. Má gbọ́kàn lé e pé iṣẹ́ yẹn ló máa san gbogbo gbèsè tó o bá jẹ nílé.

Nípa ọ̀rọ̀ bàbá yín: kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń da ìgbẹ́ sóko. Wọ́n fún wa ní oko gidi kan àti ìwé ìṣirò rẹ̀, wọ́n ní ká wá ibi tí nitrogen, èròjà tó ń bọ́ irúgbìn, ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Clover, ewéko kan tí wọ́n gbìn fún màlúù, ló ń fa á wá láti inú afẹ́fẹ́. Wàrà, ẹran àti ọkà tí wọ́n tà ló ń gbé e lọ. Bí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, àgbẹ̀ yẹn ń ta ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bó tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ọ́gáníìkì lọ́wọ́. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lóko tipẹ́, n kò ronú báyẹn rí.

Ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀, ìyàn ló bí i. Òkè Tambora bú ní Indonesia ní 1815, eruku rẹ̀ bo oòrùn, ojú ọjọ́ tutù ní 1816, irè oko kú ní Württemberg. Ọba Wilhelm Kìíní wá dá ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Hohenheim ní 1818.

Ìyá_Witzenhausen
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo parí ní Kassel, àmọ́ kí Àlàbí mọ̀ pé kì í ṣe inú ìlú Kassel ni ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wọn wà. Witzenhausen ni, ìlú kékeré kan létí odò Werra tí wọ́n mọ̀ mọ́ èso cherry. 1981 ni wọ́n fi olùkọ́ àgbà tó ń kọ́ ọ́gáníìkì nìkan síbẹ̀, kò tíì sí irú rẹ̀ ní Jámánì nígbà náà. Lónìí, ọ́gáníìkì ni gbogbo ẹ̀ka náà látòkè délẹ̀. Níbòmíì, o máa jókòó ti olùkọ́ tó rò pé eré ọmọdé lò ń ṣe.

Ìpínlẹ̀ Hessen kì í gba owó ilé-ìwé. Owó sáà nìkan lo máa san, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe pẹ̀lú Göttingen, Sustainable International Agriculture, ni kó o wò dáadáa, torí ilẹ̀ olóoru pọ̀ nínú rẹ̀. Sìkọ́láṣíìpù DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní EPOS máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, kí oyè àkọ́kọ́ rẹ má sì tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Bó o ṣe ṣàlàyé ara rẹ yìí, o bá a mu. Lọ wo àkójọ ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó o fẹ́ kọ̀wé, torí ó máa ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í kọ sínú ìwé pélébé tí wọ́n fi ń pe akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tí a ti ń kàwé yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ amúnisìn ni tẹ́lẹ̀. 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ Jámánì tó fẹ́ lọ dáko sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lókèèrè, Tógò àti Kamẹrúùnù sì wà nínú wọn. Ilé gíláàsì ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Kòkó, kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú ẹ̀, yìnyín wà lóde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, inú bí mi, ó sì tún ń dùn mọ́ mi nínú. Àwọn olùkọ́ kì í fi ìtàn yẹn pa mọ́, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tibi lọ gbọ́dọ̀ mọ orí ilẹ̀ tó dúró lé.

Bàbá_Àkùrọ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ìmọ̀ dára, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ bi yín ní ẹyọ kan: koríko ńkọ́?

Ẹ ń sọ ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ ń sọ nitrogen. Àgbẹ̀ tí mo mọ̀ kò sá fún ìgbẹ́ adìyẹ. Koríko ló ń sá fún. Ní àkùrọ̀, tẹ́ ẹ bá ro ó lónìí, kí òṣùpá tó yí po ó ti tún bo tẹ̀tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó máa gbọ́kọ́ ò sí mọ́, gbogbo wọn ti di ọlọ́kadà. Alágbàṣe tẹ́ ẹ bá rí, owó tó máa gbà ju èrè ẹ̀fọ́ lọ. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fín oògùn apakoríko nìyẹn. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024, wọ́n tún de atrazine láti oṣù kìíní 2025. Ó dáa. Ta ló wá sọ fún wa ohun tá a máa fi rọ́pò wọn? Tí másítà yín ò bá lè dáhùn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ará_Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ kú àgbà. Láti Porto-Novo ni mo ti ń kọ̀wé. Ìbéèrè yín yẹn gan-an ló mú kí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Bẹ̀nẹ̀ gba yèrèpè wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, lágbègbè Mono. Kì í ṣe yèrèpè tó ń yún ara o, ìbátan rẹ̀ tí kì í yúnni ni, mucuna. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti ṣá ni àwọn olùwádìí gbé e wá fún, kó máa fi nitrogen síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbà á tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ó ń pa èkan. Ó máa ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣìkìtì, èkan ò ní róòrùn mọ́.

Ó ní wàhálà tiẹ̀. Ó máa gba ilẹ̀ yín fún odindi sáà kan, èso rẹ̀ kò sì ṣe é sè bí ẹ̀wà. Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ kò ní gbà. Ẹni tó yá ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó máa tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe, kí onílẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ ìwádìí gidi wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ti Stuttgart ṣe é.

Ẹ wá wo Songhaï lọ́dọ̀ wa níbí náà, èyí tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Adìyẹ, ẹja, ẹ̀fọ́ àti gáàsì ìdáná láti inú ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló so kọ́ra. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gboyè o, àmọ́ mo ti rí ẹni tó ní másítà tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tó sì lanu.

Aláwàdà_Òṣogbo
Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ gidi, ó dáa, èmi náà á sọ̀rọ̀ gidi. Sri Lanka ńkọ́? Ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè di ọ́gáníìkì ní 2021. Ìrẹsì já wálẹ̀, tíì já wálẹ̀, ará ìlú bínú. Kí lẹ fẹ́ lọ kà?

Ìyá_Witzenhausen
Ọ̀gbẹ́ni Aláwàdà, ìyẹn gan-an ni ohun tí wọ́n ń kà. A jà lórí ẹ̀ ní kíláàsì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní nǹkan bí oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n fòfin de fàtiláísà àti oògùn oko lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ti ń yí i padà. Ajílẹ̀ tó máa rọ́pò fàtiláísà kò sí nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ àwọn àgbẹ̀. Àìní owó òkèèrè náà sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí owó gọbọi ni wọ́n fi ń ra fàtiláísà wọlé. Wo òfin Yúróòpù tó o bá fẹ́ mọ bí àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ ṣe ń ṣe é: oko ohun ọ̀gbìn ọlọ́dún kan, bí ọkà àti ẹ̀fọ́, máa ń lo ọdún méjì lẹ́nu ìyípadà kó tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ti igi eléso, ọdún mẹ́ta ni.

IFOAM, àjọ ọ́gáníìkì gbogbo ayé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Versailles ní 1972, ní ìlànà mẹ́rin: ìlera, àyíká, òdodo àti ìṣọ́ra. Sri Lanka tẹ méjì tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí oko tó yá rárá.

Ọmọ_Apòmù
Iṣẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi, mò ń kọ́ni ní yunifásítì kan nílé, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ilé díẹ̀.

Àdánwò tí gbogbo olùkọ́ ọ́gáníìkì ní Yúróòpù máa ń tọ́ka sí ni DOK, tí wọ́n fi ń fi oko ọ́gáníìkì wé oko kẹ́míkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Therwil ní Switzerland ní 1978. Lẹ́yìn ọdún 21, wọ́n rí i pé irè oko ọ́gáníìkì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín sí ti oko kẹ́míkà, àmọ́ fàtiláísà àti agbára tí wọ́n ná síbẹ̀ fi ìdá 34 sí 53 dín, oògùn apakòkòrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Iṣẹ́ tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Therwil jinlẹ̀, ó sanra, òtútù kì í sì í jẹ́ kí ohun jíjẹrà inú ilẹ̀ tètè tán. Ẹ mú un wá síbi tiwa. Ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ilẹ̀ Apòmù: orúkọ ìlú ni àwọn onímọ̀ fi pe irú ilẹ̀ wọ̀nyí, wọ́n wà nínú ìwé láti 1962. Òkúta pọ̀ nínú ti Ìwó, ti Apòmù yanrìn ni, ohun tó o bá dà sí i, òjò méjì mẹ́ta á ti gbà á lọ sísàlẹ̀. Kọ́ńpọ́ọ̀sì tó máa lo ọdún mélòó kan ní Therwil, oòrùn wa á ti jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yípo.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti ìwé kíkà, lọ. Bó bá jẹ́ ti ìwádìí, wá ẹ̀kọ́ tó máa jẹ́ kó o ṣe é lórí ilẹ̀ wa. Béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó kọ̀wé: ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ oko mi ní Ọ̀yọ́, ṣé ẹ máa gba alábòójútó kejì láti Nàìjíríà? Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po nínú èsì rẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wo Kẹ́ńyà náà. Chuka àti Thika ni FiBL, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ́gáníìkì ti Switzerland, àti icipe, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkòrò, ti ń fi oko ọ́gáníìkì wé oko kẹ́míkà láti 2007, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sì wà níbẹ̀.

Nípa FUNAAB: ibẹ̀ ni àjọṣe OAPTIN ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kí ọ́gáníìkì lè wọ inú yunifásítì wa. Nígbà tí ìpàdé ọ́gáníìkì Áfíríkà ìkẹta wáyé ní Èkó ní 2015, iṣẹ́ àwọn ará ilé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bó o bá ka másítà nílé, abẹ́ irúgbìn tàbí ilẹ̀ lo máa forúkọ sí, kó o wá fi ọ́gáníìkì ṣe ìwádìí. Owó rẹ̀ kéré sí owó tí wàá tì mọ́ báńkì fún físà Jámánì. Ìyà rẹ̀ ni iná mànàmáná, àti yàrá àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú.

Dúró_ní_Stuttgart
Àti ìyanṣẹ́lódì.

Ọmọ_Apòmù
Àti ìyanṣẹ́lódì, mo gbà.

Kòkó_Ìdànrè
Mo ń ra kòkó, mo sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀rí ọ́gáníìkì. Ẹ̀yin onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tó kàwé yìí ṣọ̀wọ́n.

Ẹ rántí pé láti 2015 ni Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, torí dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń lé kòkòrò inú àpò ló fa á. Àgbẹ̀ lè má fín nǹkan kan sóko rárá, kí ẹni tó kó o pa mọ́ sí sítọ́ọ̀ wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Oko àti ọjà kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì rò pé ohun tí Àlàbí ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tó ní òun fẹ́ kà á dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Òfin ọ́gáníìkì tuntun ti Yúróòpù, 2018/848, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kéékèèké tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 2,000 èèyàn lọ, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì gbọ́dọ̀ ní àwọn olùyẹ̀wò tirẹ̀ tó ń wọ oko kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa ṣe ètò yẹn? Ta ló máa kọ ìwé rẹ̀, ta ló máa kọ́ àwọn olùyẹ̀wò? Mo ti wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tì.

Ìgbẹ́ adìyẹ bàbá Àlàbí wá dé. Òfin kan náà fàyè gba ìgbẹ́ ẹran, àmọ́ kò gba èyí tó ti ilé ẹran-ọ̀sìn tí wọ́n ń ṣe bí iléeṣẹ́ wá. Adìyẹ inú kéèjì tí àwa ń ra ìgbẹ́ rẹ̀ ní àpò àpò, ṣé ó yege àbí kò yege? Ibo la fẹ́ fa ìlà sí? Tí a bá ní kò yege, ibo la ti máa rí ajílẹ̀ tó máa tó oko kòkó, ká má tíì sọ ti ẹ̀fọ́? Kò sí nǹkan tí bàbá ò mọ̀ nípa ìgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó ti wá ló di ìbéèrè másítà.

Aláwàdà_Òṣogbo
Ó parí. Bàbá gan-an ni kó lọ Jámánì.

Ẹ̀gbọ́n_London
Kúkúrú ni tèmi. Bẹ́ ẹ bá ní ìyàwó àti ọmọ, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń ka másítà inú kíláàsì kò lè mú wọn wá sí Britain mọ́. Norway tí wọ́n ti ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, tó ní másítà agroecology, ìyẹn ìmọ̀ bí oko àti àyíká ṣe so kọ́ra, ní Yunifásítì NMBU, ti ń gba owó lọ́wọ́ àwa ará òkèèrè láti 2023. Ẹni tí kò fẹ́ kúrò ní Áfíríkà kó wo Yunifásítì Uganda Martyrs ní Nkozi, ní Uganda. Wọ́n ń ṣe másítà àti ọ̀mọ̀wé nínú agroecology níbẹ̀, ojú ọjọ́ wọn sì sún mọ́ tiwa ju ti Stuttgart lọ.

Àlàbí_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ létí bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ kéèjì, wọ́n ní àwọn náà ti ń fura sí ìgbẹ́ yẹn, torí ó máa ń jó ewé bí kò bá tíì gbó.

Ibi tí mo bá a dé: Kassel ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, torí owó àti torí EPOS, Nkozi ni mo máa fi ṣe ìkejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé ni koríko àti ajílẹ̀ lóko ẹ̀fọ́ lágbègbè wa níbí. Ìbéèrè mi méjì: kí ni mo máa kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n ní kí n fi ṣàlàyé ara mi? Àti transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ mi, ilé-ìwé mi ò tíì fi í ránṣẹ́, mo ti sanwó tipẹ́.

Dúró_ní_Stuttgart
Transcript: lọ síbẹ̀ fúnra ẹ, jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìpè fóònù kì í ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà: má kọ ọ́ pé láti kékeré ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wù ẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kọ ìṣòro tó o rí: ìlú wo, ẹ̀fọ́ wo, kí ni àwọn àgbẹ̀ ń fín, èló ni alágbàṣe ń gbà láti ro oko kan. Ìkejì, kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ wọn tó kan ìṣòro yẹn. Dárúkọ kọ́ọ̀sì náà. Ìkẹta, ibo lo máa padà sí. Ojú ewé kan, ó pọ̀ jù ojú ewé kan àbọ̀.

Ọmọ_Apòmù
Má tíì dúró de físà kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ jọ. Ra ìwé kan. Oko kọ̀ọ̀kan tó o bá wọ̀, kọ ibi tí ajílẹ̀ wọn ti wá, bóyá ó ti gbó, iye àpò tí wọ́n dà, iye wákàtí tí wọ́n fi roko àti ẹni tó ro ó. Wákàtí yẹn ṣe pàtàkì ju irè oko lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí n mọ̀ bó o bá fẹ́ bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí n sọ bó o ṣe máa bù ú. Má bù ú létí ààlà tàbí nídìí òkìtì ìgbẹ́.

Bàbá_Àkùrọ̀
Àlàbí, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yèrèpè tí ọmọ Àjàṣẹ́ sọ yẹn, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ní ilẹ̀ kan tí èkan ti gbà lọ́wọ́ mi lápá òkè odò, tẹ̀tẹ̀ ò ṣe é gbìn síbẹ̀ mọ́. Bó o bá fẹ́ dán an wò, máa bọ̀. Ìdajì ni wàá gbin yèrèpè sí, mo máa ro ìdajì kejì bí mo ṣe ń ro ó, ká jọ ka owó alágbàṣe. Ìwọ lo máa mú irúgbìn wá o. Tó bá sì jẹ́ èyí tó ń yúnni lo kó wá, ìwọ lo máa fà á tu.

Àlàbí_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Mo gbà, bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ará_Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń ta irúgbìn èyí tí kì í yúnni, báwo la sì ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kó tó hù?

Ará_Àjàṣẹ́
Wo èèpo rẹ̀ nígbà tó bá so. Èyí tó ń yúnni máa ń ní irun ṣákáṣáká lára, ti kejì fẹ́lẹ́ ni, kì í gúnni. Èso nìkan lọ́wọ́ kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà má rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi oko tó ti kó o wá hàn ọ́. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo máa bá ẹ wá a kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.